Orí Kẹfà: Ọmọ Ẹyẹ Tí A Bá Nílẹ̀

"Kí ni mo lè fún un jẹ?" Ìbéèrè tí ẹni tó bá gbé ọmọ ẹyẹ igbó wọlé kọ́kọ́ máa ń béèrè nìyí. Àánú ló bí ìbéèrè náà, àánú sì dára. Ṣùgbọ́n ìbéèrè méjì ló yẹ kó ṣáájú rẹ̀. Èkíní: ṣé lóòótọ́ ni ọmọ ẹyẹ yìí ti di ọmọ òrukàn? Èkejì: ṣé ara rẹ̀ gbóná? Ẹni tó bá sáré wá oúnjẹ kí ó tó dáhùn méjèèjì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ohun tó fẹ́ gbà là. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìtẹ́ ni ká kọ́kọ́ wò kí a tó gbé ọmọ ẹyẹ.

Atakpamé, olú ìlú ẹkùn Plateaux ní Tógò, wà láàárín àwọn òkè, ní nǹkan bí 160 kìlómítà sí àríwá Lomé. Ibẹ̀ ni àwọn Ifẹ̀, tí wọ́n tún ń pè ní Ana, àti àwọn Ewe ti jọ ń gbé, tí wọ́n jọ ń dáko. Oko iṣu, oko àgbàdo, oko òwú àti igi tíìkì ló yí ìlú náà ká, igbó kò sì jìnnà sí ẹ̀yìnkùlé ẹnikẹ́ni. Níbi tí oko àti igbó ti pàdé báyìí, àwọn ọmọdé kì í pẹ́ rí ọmọ ẹyẹ he. Ìjì òjò lè já ìtẹ́ bọ́, iná ọ̀gbẹlẹ̀ lè lé ìyá àparò kúrò lórí ọmọ, ológbò sì lè pa ìyá àdàbà lẹ́bàá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbogbo ohun tí orí yìí fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ: igbó la tọ́ ọmọ ẹyẹ igbó fún, a kò tọ́ ọ fún ilé. Láti wákàtí àkọ́kọ́ títí dé ọjọ́ tí yóò fò lọ, ohun tó bá mú un sún mọ́ igbó ni ká ṣe, ohun tó bá mú un jìnnà sí i ni ká yẹra fún.

Ṣé ọmọ òrukàn ni lóòótọ́?

Oríṣi ọmọ ẹyẹ mẹ́ta ni a máa ń bá nílẹ̀. Ti àkọ́kọ́ kò tíì hu ìyẹ́, awọ ara rẹ̀ hàn gbangba, ojú rẹ̀ sì lè má tíì là. Inú ìtẹ́ ni ààyè rẹ̀. Bó bá wà nílẹ̀, ó já bọ́ ni. Ìkejì ti hu ìyẹ́ bo gbogbo ara, ìrù rẹ̀ ló ṣì kúrú, ó sì ń fò pàkàpàkà lábẹ́ igbó. Èyí kò nílò olùgbàlà rárá. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ ló máa ń fi ìtẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n fò dáadáa, ìyá àti bàbá a sì máa gbé oúnjẹ wá bá wọn nílẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Bí ènìyàn bá gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sílé, ó jí ọmọ ọlọ́mọ gbé ni. Ohun tó tọ́ ni pé ká gbé e sórí ẹ̀ka tí ológbò àti ajá kò lè tètè dé, ká sì kúrò níbẹ̀. Ìkẹta ni ọmọ àparò àti ọmọ awó, tí wọ́n ti ní irun lára tí wọ́n sì ń sáré láti ọjọ́ tí wọ́n ti jáde nínú ẹyin. Bí a bá rí ọ̀kan tó dá wà tó ń ké, ìyá rẹ̀ lè wà nínú koríko nítòsí, tó ń dúró kí ènìyàn kọjá.

Ọ̀pọ̀ àgbà ló máa ń sọ fún ọmọdé pé bí ọwọ́ ènìyàn bá ti kan ọmọ ẹyẹ, ìyá rẹ̀ yóò kọ̀ ọ́ nítorí òórùn ọwọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú àti etí ni ọ̀pọ̀ ẹyẹ fi ń mọ ọmọ wọn. Ìyá tó ti fi ọjọ́ púpọ̀ sàba, tó sì ti ń wá oúnjẹ fún ọmọ, kì í tètè fi í sílẹ̀ nítorí pé ènìyàn fọwọ́ kàn án. Nítorí náà, bí ìtẹ́ bá ṣì wà, ẹ dá ọmọ padà síbẹ̀. Bí ìtẹ́ bá ti bàjẹ́, ẹ mú apẹ̀rẹ̀ kékeré tàbí igbá tí ẹ dá ihò sí nídìí kí omi òjò lè jò dànù, ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sí i, kí ẹ so ó mọ́ igi kan náà, níbi tó sún mọ́ ààyè ìtẹ́ àtijọ́. Ti ẹ̀gà yàtọ̀ díẹ̀: ìtẹ́ rẹ̀ máa ń rọ̀, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì kọjú sílẹ̀. Bí odindi ìtẹ́ ẹ̀gà bá já, ẹ fi okùn so ó padà sórí ẹ̀ka bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ jìnnà réré, kí ẹ máa ṣọ́ ọ fún wákàtí kan sí méjì. Ìyá kì í padà níṣojú ènìyàn tó dúró sábẹ́ igi. Bó bá padà, iṣẹ́ yín ti parí, kò sì sí ọwọ́ ènìyàn kankan tó lè ṣe é dára tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ìyá àti bàbá bá ti kú, tí ọmọ bá fara pa, tàbí tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú tí ẹyẹ àgbà kankan kò yọjú, la tó lè sọ pé ọmọ náà di ti wa. Èyí tí ológbò bá gbé sẹ́nu, kódà bí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ẹ tètè gbé e lọ bá dókítà ẹranko. Kòkòrò àrùn inú itọ́ ológbò lè pa ẹyẹ láàárín ọjọ́ méjì.

Ooru ṣáájú oúnjẹ

Ara ẹyẹ máa ń gbóná ju ti ènìyàn lọ, ó máa ń tó ìwọ̀n 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì hu ìyẹ́ kò lè dá ooru yìí pèsè fún ara rẹ̀. Abẹ́ ìyá ló ti ń rí i. Bí ara rẹ̀ bá ti tutù, inú rẹ̀ kò ní lè da oúnjẹ mọ́. Oúnjẹ tí a bá fi sí i lẹ́nu ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ yóò jókòó sínú rẹ̀, yóò kan, yóò sì pa á. Ìdí nìyí tí ooru fi gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Ẹ mú páálí kékeré, kí ẹ gbé igbá tàbí abọ́ kékeré tí ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ tàbí bébà rírọ̀ tẹ́ sínú rẹ̀. Inú abọ́ náà gbọ́dọ̀ jìn díẹ̀, kí ẹsẹ̀ ọmọ lè ká sábẹ́ rẹ̀. Orí ibi pẹrẹsẹ tó ń yọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò là sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì lè di arọ. Ẹ rọ omi gbígbóná sínú ike, ẹ wé aṣọ mọ́ ọn, kí ẹ tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan páálí náà, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi bó bá ti ń tutù. Ọmọ tí kò ní ìyẹ́ nílò ooru bí ìwọ̀n 35. Bí ìyẹ́ bá ti ń hù, 28 sí 30 tó o. Ẹ̀ẹ̀rùn ọyẹ́ lórí òkè Atakpamé máa ń tutù lóru, nítorí náà ẹ má ṣe gbàgbé ike omi lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú. Bí ọmọ bá la ẹnu tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó na ọrùn, ooru ti pọ̀ jù. Bó bá ká jọ, tó dákẹ́, tí kò fẹ́ lanu, ó ṣì tutù. Lẹ́yìn tí ara rẹ̀ bá ti móoru, tó sì ń lanu fúnra rẹ̀, ìgbà náà ni oúnjẹ kàn.

Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run

Ohun tó ń pa ọmọ ẹyẹ jù lọ́wọ́ aláàánú ni omi. Ihò tí ẹyẹ fi ń mí wà nídìí ahọ́n rẹ̀ gan-an, kò sì ní ohun tó bò ó bíi tiwa. Bí a bá da omi sí i lẹ́nu, ẹ̀dọ̀fóró ni omi náà ń gbà lọ. Ọmọ tó wà nínú ìtẹ́ kì í mu omi; inú oúnjẹ tútù tí ìyá ń fún un ló ti ń rí omi. Bí ara ọmọ bá gbẹ gidi, tí awọ rẹ̀ hunjọ, ẹ fi ìka kan ẹ̀kán omi kan ṣoṣo sí etí àgógó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó fúnra rẹ̀ gbé e mì, kí ẹ sì dúró kí ẹ tó fi òmíràn kàn án.

Búrẹ́dì tí a rẹ sínú mílíìkì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rò. Ẹ má ṣe é. Inú ẹyẹ kò ní ohun tó lè da ṣúgà inú mílíìkì, ìgbẹ́ gbuuru ni yóò fi san án fún un. Gààrì a máa wú nínú. Ògì kò ní ohun amúdàgbà tó tó. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ọmọ ẹ̀gà tí kò wúwo ju gíráàmù díẹ̀ lọ nígbà tó jáde nínú ẹyin yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìyá rẹ̀ tó wọn nǹkan bí 35 gíráàmù. Èròjà amúdàgbà tó pọ̀ ló ń kọ́ irú ara bẹ́ẹ̀, inú kòkòrò ló sì wà. Ẹ̀gà tó ti dàgbà ń jẹ ọkà àti ìrẹsì, àgbẹ̀ sì mọ̀ ọ́n sí olè nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n kòkòrò ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń gbé fún ọmọ rẹ̀.

Kò ṣòro láti rí kòkòrò ní abúlé. Ikán, pàápàá èyí tó hu ìyẹ́ lẹ́yìn òjò, dára púpọ̀. Ẹ já ìyẹ́ rẹ̀ kúrò. Ìrẹ̀ àti tata náà dára, bí ẹ bá já orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí kòkòrò kò bá tó, ẹ lè po ẹyin sísè mọ́ ọn. Kòkòrò kò ní kálísíọ́ọ̀mù tó egungun fẹ́, nítorí náà ẹ sè èèpo ẹyin, ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, kí ẹ sì máa wọ́n díẹ̀ lé oúnjẹ náà lórí lójoojúmọ́. Láéláé, ẹ má ṣe kó kòkòrò láti inú oko òwú tàbí oko mìíràn tí wọ́n ti fín oògùn sí. Oògùn tó pa tata yóò pa ọmọ ẹyẹ.

Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí orí rẹ̀ kò mú, tàbí ẹ̀mú kékeré, gbé oúnjẹ wọ inú ẹnu tó là, kí ó kọjá ìdí ahọ́n. Àwọ̀ pupa tàbí òféfèé tó ń hàn nínú ẹnu ọmọ ẹyẹ ni àmì tí ìyá ń tẹ̀ lé. Bí ọmọ bá jẹun yó, kò ní lanu mọ́. Ọmọ tó kéré gan-an fẹ́ oúnjẹ ní ìṣẹ́jú 20 sí 30 síra, láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ títí di àṣálẹ́. Bí ìyẹ́ bá ti hù, wákàtí kọ̀ọ̀kan tó o. Alẹ́ ni ìsinmi. Iṣẹ́ yìí wúwo. Ẹni tó ní láti lọ sí oko tàbí ọjà ní òwúrọ̀ kí ó padà ní ìrọ̀lẹ́ kò lè dá a ṣe. Ẹ jẹ́ kí agbo ilé pín in láàárín ara wọn, kí wọ́n sì yan ẹni tí yóò máa kọ àkókò sílẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, ọmọ yóò ya ìgbẹ́ tó wà nínú àpò funfun tẹ́ẹ́rẹ́. Ìyá a máa gbé e jù nù kúrò nínú ìtẹ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, kí ìtẹ́ má baà rùn. Bí ẹ bá ní òṣùwọ̀n kékeré, ẹ wọn ọmọ náà láràárọ̀ kó tó jẹun. Ìwọ̀n tí kò gòkè fún ọjọ́ kan sí méjì jẹ́ ìkìlọ̀.

Ẹyẹ kọ̀ọ̀kan àti oúnjẹ tirẹ̀

Ohun tí a sọ lókè bá ẹ̀gà àti ọ̀pọ̀ ẹyẹ kéékèèké mu. Nínú ìtẹ́ ẹ̀gà kan náà, ẹ lè bá ọmọ kan tí àgógó rẹ̀ pọ́n, tó sì dá nìkan wà. Ó lè jẹ́ ọmọ ẹyẹ mìíràn, Chrysococcyx caprius, tí ìyá rẹ̀ máa ń yé ẹyin sínú ìtẹ́ ẹ̀gà kí ẹ̀gà lè bá a tọ́ ọmọ. Nítorí rẹ̀ ni ẹyin ẹ̀gà fi yàtọ̀ síra láti ọ̀dọ̀ abo kan sí èkejì, òmíràn funfun, òmíràn bí àwọ̀ ojú ọ̀run, òmíràn tó-tò-tó: abo kọ̀ọ̀kan mọ tirẹ̀, ó sì ń yọ ti àlejò dànù. Kòkòrò náà ni oúnjẹ ọmọ àlejò yìí.

Àdàbà kò bá èyí mu rárá. Ọmọ àdàbà kì í lanu gba oúnjẹ. Ó máa ń ki ẹnu bọ ẹnu ìyá tàbí bàbá rẹ̀ ni. Ní ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́, ohun funfun kan tó ń jáde lára àpò oúnjẹ inú ọrùn àwọn òbí méjèèjì ló ń jẹ, ó kún fún èròjà amúdàgbà àti ọ̀rá. Ó ṣòro gidi láti gba ọmọ tó kéré tó bẹ́ẹ̀ là. Bó bá ti ń hu ìyẹ́, ẹ lọ jéró tàbí àgbàdo pọ̀ mọ́ ẹ̀wà, ẹ sè é kí ó rọ̀, kí ẹ po pupa ẹyin sísè mọ́ ọn. Ẹ gé ẹnu sírínjì aláìlábẹ́rẹ́ kí ó fẹ̀, ẹ na rọ́bà fẹ́lẹ́ bò ó, kí ẹ la ojú kékeré sára rọ́bà náà kí ọmọ lè ki àgógó bọ̀ ọ́. Oúnjẹ náà gbọ́dọ̀ móoru bí ara ẹyẹ. Bó bá gbóná jù, yóò bó àpò oúnjẹ ọrùn rẹ̀ nínú. Ẹ máa fọwọ́ kan àpò náà jẹ́jẹ́. Ìgbà tó bá ṣófo ni kí ẹ tó tún fún un, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹrin sí márùn-ún lójúmọ́.

Ọmọ àparò àti ọmọ awó ń ṣa oúnjẹ fúnra wọn. Ooru, ikán, ọkà lílọ̀ àti àwo omi tí kò jìn, tí a kó òkúta wẹ́wẹ́ sí kí wọ́n má baà rì, ni wọ́n nílò. Àṣá àti òwìwí ń jẹ ẹran. Ẹran pupa nìkan tí a rà lọ́jà máa ń sọ egungun wọn di rírọ̀, nítorí pé kò ní kálísíọ́ọ̀mù. Odindi eku tàbí òròmọdìyẹ tó ti kú, tí a gé wẹ́wẹ́ pẹ̀lú egungun rẹ̀, ló tó wọn. Bí ẹ bá rí ọmọ òwìwí, ẹ má ṣe pa á nítorí ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ lóru. Eku tó ń jẹ àgbàdo nínú àká ni oúnjẹ rẹ̀.

Kí ó má baà gbàgbé irú ẹ̀dá tó jẹ́

Konrad Lorenz, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Austria, fi hàn láàárín ọdún 1930 sí 1940 pé ọmọ pẹ́pẹ́yẹ ńlá tó bá jáde nínú ẹyin a máa tẹ̀ lé ohun àkọ́kọ́ tó rí tó ń rìn, ì báà jẹ́ ènìyàn, á sì gbà pé ìyá òun ni. Ní 1973 ni wọ́n fún òun, Nikolaas Tinbergen àti Karl von Frisch ní Ẹ̀bùn Nobel. Àwọn ẹyẹ tó ń pẹ́ nínú ìtẹ́ kì í tètè tẹ̀ lé ènìyàn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn náà ń kọ́ irú ẹ̀dá tí wọ́n jẹ́ láti ara ẹni tó ń bọ́ wọn. Ẹyẹ tó bá kọ́ pé ènìyàn ni òun kò ní mọ orin irú rẹ̀, kò ní wá ẹnìkejì láàárín wọn, kò sì ní sá fún ọmọdé tó mú kànnàkànnà lọ́wọ́.

Nígbà tí ẹyẹ igún California kù 27 péré láyé ní 1987, tí gbogbo wọn sì wà lábẹ́ ìtọ́jú, àwọn olùtọ́jú fi ìbọ̀wọ́ tí wọ́n ṣe bí orí ìyá igún bọ́ àwọn ọmọ, kí wọ́n má baà rí ojú ènìyàn. Ìlànà kan náà ṣeé tẹ̀ lé nílé láìná owó. Ẹnì kan tàbí méjì ni kó máa bọ́ ọ. Ẹ má bá a sọ̀rọ̀, ẹ má fún un lórúkọ, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọdé máa gbé e kiri. Bí ẹ bá ní méjì irú kan náà, ẹ fi wọ́n pọ̀. Bí ìyẹ́ bá ti hù, ẹ gbé páálí rẹ̀ sí ibi tó ti lè máa gbọ́ ohùn irú rẹ̀ láti orí igi.

Kí ẹ tó gbé ẹyẹ sàgbàlá

Ẹyẹ igbó lè kó àrùn wá bá adìyẹ, adìyẹ náà sì lè kó o ràn án: lúkúlúkú wà níbẹ̀, àrùn gágá ẹyẹ H5N1 sì wọ inú oko adìyẹ ní Tógò ní 2007. Ẹ yà á sọ́tọ̀ pátápátá, kí ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ṣáájú àti lẹ́yìn, kí ẹ má sì fi ìgò ọmọ tàbí abọ́ ìdáná bọ́ ọ. Bí ẹ bá rí ẹyẹ púpọ̀ tó kú pọ̀ lójú kan, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ ké sí àwọn dókítà ẹranko.

Ọmọ odídẹrẹ́ tí wọ́n gbé wá tà létí ọ̀nà kì í ṣe ọmọ òrukàn. Wọ́n yọ ọ́ nínú ihò igi ni. Ẹni tó rà á nítorí àánú ti san owó èyí tí wọ́n máa yọ tẹ̀ lé e. Ní Ghana tó bá Tógò pààlà, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 fi hàn pé odídẹrẹ́ eléérú ti dín kù ní ìdá 90 sí 99 nínú ọgọ́rùn-ún láti 1992. Tógò wà nínú àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹ̀dá igbó, CITES, láti 1979, àdéhùn náà sì ti fòfin de òwò odídẹrẹ́ inú igbó láàárín orílẹ̀-èdè láti oṣù Kìíní 2017. Bí irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ yín, tàbí àṣá, tàbí ẹyẹ tí ẹ kò mọ̀, ẹ lọ fi tó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó omi àti igbó, Eaux et Forêts, létí.

Ìtúsílẹ̀

Ẹyẹ tó lè fò kò tíì tó ẹyẹ tó lè dá gbé. Ó gbọ́dọ̀ ti máa wá oúnjẹ fúnra rẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, kí ó máa fò láti òpin kan yàrá tàbí àgọ́ aláwọ̀n dé èkejì láìsinmi, kí ó sì máa sá fún ènìyàn. Ẹ kọ́ ọ ní oúnjẹ igbó: ikán nínú ewé gbígbẹ, ọkà tó ṣì wà lórí pòròpòrò. Bó bá ti ṣe tán, ẹ gbé àgọ́ rẹ̀ lọ sábẹ́ igi tí irú rẹ̀ ń gbé, ní òwúrọ̀ tí kò sí òjò, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ sì fi oúnjẹ sílẹ̀ níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Òmíràn yóò padà wá jẹun, òmíràn kò ní wẹ̀yìn. Méjèèjì ló dára.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹyẹ ni yóò kú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, láìka bí a ti ṣe é dáadáa sí. Ìdí nìyí tí ìgbàlà tó dájú jù fi wà ṣáájú kí ìtẹ́ tó já. Ní ẹkùn Plateaux, wọ́n máa ń gé ọ̀pẹ lulẹ̀ láti fa ẹmu, tí wọ́n ó sì fi sè ọtí líle tí wọ́n ń pè ní sódàbì, ọ̀pẹ sì wà lára igi tí ẹ̀gà fẹ́ràn láti so ìtẹ́ rọ̀ sí. Abo ẹ̀gà ń sàba fún nǹkan bí ọjọ́ 12, ọmọ sì ń lo nǹkan bí ọjọ́ 17 sí 21 nínú ìtẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá dúró sábẹ́ ọ̀pẹ tí ẹ gbọ́ igbe ọmọ lókè, kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ mọ́. Ẹmu inú ọ̀pẹ náà kò ní sá lọ. Ẹ gé òmíràn tí kò ní ìtẹ́ kí ẹ tó padà sí ti ẹ̀gà, ẹ óò sì ti gba ọmọ ẹyẹ tó pọ̀ là ju èyí tí agbo ilé kan lè fi ọwọ́ bọ́ lọ. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín láti gbójú sókè kí wọ́n tó mú àdá.